Ẹni Tó Ta Mọ́tò Ra Kẹ̀kẹ́

Aago mẹ́ta òru ti kọjá, oorun ò sì kùn mí. Ní Ìkòsí níbí, ẹni tí kò bá rí oorun sùn kò nílò aago. Ìró tírélà ni yóò sọ ibi tí òru dé fún un. Ọ̀nà Ìbàdàn ni wọ́n ń gbà wọlé, lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ kan àbọ̀ tàbí méjì láti Kánò, Kàdúná, Kàtsínà àti Sókótó, tòmátò, tàtàṣé àti àlùbọ́sà ló kún inú wọn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ìhà Mile 12, òórùn ata tútù àti ti tòmátò tó ti ń rọ̀ á bá a wọlé. Inú òórùn yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, kì í dí mi lọ́wọ́ oorun. Lẹ́tà kan tó wà lábẹ́ Bíbélì lórí tábìlì ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n fún mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ni mo ti ń bá ilé-iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn báńkì kéékèèké tó ń yá oníṣòwò lówó, tó sì ń bá wọn tọ́jú èyí tí wọ́n bá rí fi pamọ́. Èmi ni mo máa ń lọ bá wọn nídìí ọjà, ní Mile 12 àti ní ọjà èso Kétu, láti gba owó ọ̀sẹ̀, láti gbọ́ ẹjọ́, láti mọ ẹni tí lóònù tọ́ sí. Àǹtí Báńkì ni wọ́n ń pè mí. Lẹ́tà náà ní kí n kúrò nídìí ọjà, kí n wá di alábòójútó ẹ̀ka mẹ́rin: Kétu, Ìkòròdú, Òdógunyàn àti Ṣágámù. Owó oṣù mi yóò kúrò ní ₦185,000, yóò di ₦310,000. Àárọ̀ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Ajé ọ̀hún ló ń mọ́ bọ̀ yìí.

Gbogbo ènìyàn ló ti bá mi yọ̀ tán. Àwọn ará ọ́fíìsì ní dandan ni ká wẹ̀ ẹ́. Pásítọ̀ ti gbàdúrà sí i. Ọkọ mi pè láti Ìbàdàn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ní ohun tí mo bá fọwọ́ sí lòun náà fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ràn mi ni, mo sì dúpẹ́, àmọ́ ó fi ẹrù náà sílẹ̀ sórí èmi nìkan. Bí ìgbéga bá dé, ta ní í bi ènìyàn pé ṣé ó wù ọ́? Kí o tó la ẹnu, wọ́n ti kí ọ kú oríire, ìtìjú ò sì ní jẹ́ kí o dá kíkí náà padà.

Mo ti ṣírò owó náà, nítorí ìṣírò niṣẹ́ mi. ₦125,000 ni wọ́n fi kún un lórí ìwé. Kó tó dé ọwọ́ mi, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún á bọ́ sínú àpò ìfẹ̀yìntì, bí òfin ọdún 2014 ṣe là á kalẹ̀. Owó-orí tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026 ò fọwọ́ kan ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá gbà lọ́dún. Ó gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn ó di ìdá 18. Níbi tí mo wà báyìí, ìdá 18 ò mọ̀ mí. Níbi tí wọ́n ń pè mí lọ, orí mi á kan án. Mo yọ gbogbo rẹ̀, mo tún ka ẹ̀dínwó tí òfin náà ṣe fún ẹni tó ń san owó ilé, ohun tó kù nínú ₦125,000 yẹn jẹ́ bíi ₦97,000. Ọkọ̀ BRT tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2008 láti Mile 12 sí CMS, tí wọ́n sì nà dé Ìkòròdú ní 2015, á gbé mi dé Ìkòròdú. Láti ibẹ̀ dé Ṣágámù, owó ọkọ̀ mìíràn ni. Ẹni tí yóò máa lọ mú Ìbùkún, ọmọ mi, wálé láti ilé-ìwé, tí yóò sì máa fún un lóúnjẹ kí n tó dé, ò ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, Kòsọ́fẹ́, kúkú máa ń dún létí mi bíi “kò sí ọ̀fẹ́”. Nígbà tí mo yọ ìwọ̀nyẹn náà, ó ku nǹkan bíi ₦60,000.

Mo wá yẹ wákàtí wò. Aago méje àárọ̀ ni mo ń jáde báyìí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ á bá mi nílé. Ọ̀gá tó wà nípò náà ṣáájú máa ń jáde ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, kì í sì í wọlé kí aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ tó lù. Wákàtí márùn-ún ló fi lé sí tèmi lójúmọ́, ó ju ọgọ́rùn-ún lọ lóṣù. Bí a bá pín ₦60,000 sí i, kò pé ₦600 fún wákàtí kan. Láàárọ̀ tí ẹrù bá wọ̀ dáadáa, mo mọ alábàárù ní Mile 12 tó ń rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀ mi ò lè fojú tín-ín-rín owó náà. ₦60,000 lọ́nà mẹ́ta ni owó ilé-ìwé Ìbùkún fún sáà kan, géérégé. Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìyá mi ń lò nínú yàrá kejì yìí ń lọ sókè ni lójoojúmọ́, àgàgà láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí náírà náà sì ṣubú tẹ̀ lé e. Ìgbà kan wà ní ọdún tó kọjá tí mo ní kí obìnrin tó ń ta oògùn já páálí kan sí méjì fún mi, kí n san ìdajì. Ẹni tó ti ṣe irú ìyẹn rí ò lè fẹnu tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀kúnwó.

Tí ara náà ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2021: ní ọdún 2016 nìkan, ènìyàn 745,000 ni àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa káàkiri ayé nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Bí mo bá tilẹ̀ yọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kúrò nínú ọjọ́ ọ̀gá tó ń lọ yẹn, ó ti kọjá 55 tipẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e kúrò níbẹ̀. Àti pé mo mọ inú ẹni tí mo ti jáde wá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru nínú yàrá kejì yẹn, ẹ̀jẹ̀ mi ni.

Bó bá jẹ́ owó àti ara nìkan ni, ǹ bá ti sùn. Ara lè gbà á bí mo bá mọ̀ ọ́n ṣe, owó náà sì wúlò. Ohun tó wà nísàlẹ̀ méjèèjì ni mi ò rí sọ fún ẹnikẹ́ni láti Ọjọ́bọ̀.

Mo ní ìwé kan. Ìwé ẹlẹ́yìn líle lásán ni, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Kétu, ìkarùn-ún rẹ̀ ni mo ń kọ lọ́wọ́ báyìí. Ohun tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ò bi mí ni mo ń kọ sínú rẹ̀. Bí obìnrin kan ò bá rí owó san, kọ̀ǹpútà á kọ iye owó àti iye ọjọ́. Bó bá ti di ọgbọ̀n ọjọ́, orúkọ rẹ̀ á pọ́n. Èmi á kọ ìdí rẹ̀.

Mi ò tí ì lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12, Gómìnà Ambode sì ní kí wọ́n ti ọjà náà pa. Kí wọ́n tó ṣí i tí nǹkan tó fara rọ, kòkòrò tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ẹ̀bólà tòmátò ti wọ oko ní ìhà àríwá. Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná ti kéde pàjáwìrì lórí rẹ̀. Tírélà ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó yáwó láti ra apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá ò rí méjì rà, lóònù ò sì mọ̀ pé kòkòrò wà láyé. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé àkọ́kọ́, “kòkòrò” ni mo kọ síwájú orúkọ mọ́kànlá. Ní 2020, “kónílé-ó-gbélé” ló wà níbẹ̀. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn Ṣáṣá n'Ìbàdàn, tí àwọn oníṣòwò àríwá dá oúnjẹ dúró pé kò ní wá sí gúúsù, “ọkọ̀ ò dé” ni mo kọ.

Ti ọdún 2023 ni mi ò lè gbàgbé. Báńkì Àpapọ̀ ti kéde láti oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé àwọn yóò yí ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà. Nígbà tí oṣù kejì 2023 máa fi dé, tuntun ò sí níta, àwọn ènìyàn ò sì fẹ́ gba ti àtijọ́ mọ́. Ẹrù wà. Ẹni tí ebi ń pa wà. Bébà tí wọn yóò fi ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn ni kò sí. Ìṣojú mi báyìí ni apẹ̀rẹ̀ tòmátò ti ń ṣomi sílẹ̀ lójú ẹni tó ni ín. Àwọn oní-POS ń fi owó ta owó. Ìyá kan tó ń ta ata rodo fún ẹni tí kò mọ̀ rí ní ata, ó ní kó lọ, kó máa bọ̀ wá san lọ́jọ́ tó bá rí owó, nítorí kí ata náà má bàa bàjẹ́ sọ́wọ́ òun. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ títí ọdún náà á fi parí, ṣùgbọ́n oko òtòṣì ti jó kí òjò tó rọ̀.

Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló pọ́n lórí kọ̀ǹpútà mi lóṣù yẹn, pípọ́n kan náà ni gbogbo wọn pọ́n. Nínú ìwé mi, wọn ò rí bákan náà. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo kọ “kò sí kéèṣì” síwájú wọn. Mẹ́ta ni mo kọ “irọ́ ni” síwájú wọn, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n ti rí owó, ibòmíràn ni wọ́n ná an sí. Mo gbé ìwé náà lọ bá mánéjà ẹ̀ka wa, mo bẹ̀ ẹ́ fún oṣù kan fún àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fún mi, ẹ̀rù sì ń bà á bó ti ń fún mi. Kí oṣù kẹfà tó parí, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú wọn ti san gbogbo rẹ̀ tán.

Báwo ni mo ṣe mọ òpùrọ́ yàtọ̀ sí olóòótọ́? Ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Kòsọ́fẹ́, mo ń fẹsẹ̀ rìn láti Kétu dé Mile 12, mo ń gba Àgílítì kọjá, mo ń wọ àárín àwọn ilé tí omi odò Ògùn máa ń yọ sí bí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ mo bínú sí òfin náà. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ń rí ohun tí ẹni tó wà lórí ọ̀kadà ò rí: ilé tí wọn ò dáná ní àárọ̀, ìsọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá jókòó sí nígbà tó yẹ kó wà ní kíláàsì, obìnrin tó ní òun ò rí tà tí àpótí tuntun sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdí rèé tí mo fi ń ronú nípa alájọ Ṣómólú lóru yìí. Ṣómólú ò jìnnà sí wa. Alphaeus Taiwo Olunaike lorúkọ rẹ̀, ọdún 1915 ni wọ́n bí i, ó sì dágbére fáyé ní 2012. Aránṣọ ni kó tó di alájọ. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni owó iṣẹ́ alájọ, ìyókù padà sọ́wọ́ ẹni tó dá a, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ìwé àdéhùn kankan láàárín wọn ju ojú àti orúkọ lọ. Bí ọmọ kan bá mọ ìṣírò nígbà tí a wà ní kékeré, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó gbàjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ sílẹ̀, tí kò sì ṣìwó san. Wọ́n á tún fi kún un pé ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìkejì yìí ò yé mi. Ta ní í ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́? Ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀, láti ẹsẹ̀ dé kẹ̀kẹ́, láti kẹ̀kẹ́ dé mọ́tò ni. Ó di ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ọ̀sẹ̀ nídìí ọjà kó tó yé mi. Mọ́tò ò lè wọ àárín ìsọ̀. Àwọn tó ń dájọ ò sí létí títì, inú kọ̀rọ̀ ni wọ́n wà. Mọ́tò á jẹ́ kó dà bí ẹni ńlá, á sì gbé e kọjá àwọn tó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Kẹ̀kẹ́ ló lè dúró lẹ́nu ìsọ̀ láìpa ẹ̀ńjìnnì. Lójú ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè, bàbá náà rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Lójú tèmi lóru yìí, ó mọ ibi tí orí rẹ̀ pípé wà, kò sì jẹ́ kí ohunkóhun gbé e kúrò níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí alábòójútó ẹ̀ka mẹ́rin ń ṣe, mo ti rí i fún ọdún mẹ́wàá. Aago méje àárọ̀, ó ń pe àwọn mánéjà: mélòó ló pọ́n? Aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n ń pe òun náà láti orílé-iṣẹ́: kí ló dé tó fi pọ́n? Kì í bi wọ́n ní ìdí, nítorí kò sí ẹni tó ń bi í ní ìdí. Bí òkè bá ti ń tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tẹ ìsàlẹ̀, títí yóò fi kan obìnrin tó jókòó sẹ́yìn apẹ̀rẹ̀, tí kò ní ẹni tí yóò tẹ̀. Ọgbọ́n ẹgbẹ́ onídùúró tí à ń lò yìí, tí àwọn tó yáwó fi ń dúró fún ara wọn, láti Bangladesh ló ti gbilẹ̀, níbi tí Muhammad Yunus ti dá Báńkì Grameen sílẹ̀ ní 1983, tí wọ́n sì fún òun àti báńkì náà ní ẹ̀bùn Nobel ní 2006. Ọgbọ́n tó dára ni. Ṣùgbọ́n ní Andhra Pradesh lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ó débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi gbé òfin kíákíá jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2010 láti dá àwọn agbowó lóònù lẹ́kun, lẹ́yìn tí àwọn ajigbèsè kan ti pa ara wọn. Mo fura pé àwọn tó wà lókè níbẹ̀ ò rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nọ́ńbà ni wọ́n ń rí.

Ọ̀rọ̀ tí mi ò rí sọ fún ẹnikẹ́ni láti Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. ₦125,000 tí wọ́n fẹ́ fi kún owó mi, owó kí n má mọ̀ mọ́ ni. Wọ́n á sanwó fún mi kí n gbàgbé ohun tí ẹsẹ̀ mi fi ọdún mẹ́wàá kọ́. Ìwé márùn-ún yìí, ta ni n ó gbé e fún? Ọmọkùnrin kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún tó kọjá, ọmọ dáadáa ni, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, òun ni yóò gba ọ̀nà mi. Ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ń bà á. Bí mo bá gba ipò yìí, èmi ni n ó di ẹ̀rù náà. Lóru ọjọ́ kan báyìí, òun náà á jí sílẹ̀ nítorí ohùn mi lórí fóònù.

Kí n má tan ara mi jẹ o. Bí mo bá kọ̀, àga náà ò ní ṣófo. Wọ́n á mú ẹlòmíràn wá láti ibi tí wọn ò ti mọ apẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí páálí, ẹni tí bàtà rẹ̀ ò tí ì kan omi tòmátò rí. Bí gbogbo ẹni tó mọ ọjà bá ta kú sídìí ọjà, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò máa pàṣẹ lé e lórí títí ayé. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yí láti ọ̀tún sí òsì, mi ò rí ibi tí mo lè gbé e gbà tí kò ní gún mi.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi sì ń pe ara rẹ̀ wá. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ta ata ní Mile 12. Mo wà ní girama nígbà tí wọ́n ní kó wá jẹ olórí ìlà wọn. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tó bá ti di olórí ìlà ò tajà mọ́, ẹjọ́ ni yóò máa dá, ata rẹ̀ á sì máa bàjẹ́ sílẹ̀. Ìyá mìíràn gbà á. Lóòótọ́ ọjà ìyá náà dín kù, ojú rẹ̀ sì rẹ̀. Àmọ́ òun ló dúró tí wọ́n fi kó pàǹtírí kúrò nínú gọ́tà ẹ̀yìn ìlà náà, tí omi òjò ò fi wọ inú ìsọ̀ wọn mọ́, ti ìyá mi pẹ̀lú. Mo bi ìyá mi nígbà kan bóyá ó kábàámọ̀ pé òun kọ̀. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní òun ò kábàámọ̀, pé bí wọ́n bá ń ṣèpàdé tí òun ń gbọ́ ohùn wọn láti ìsọ̀ òun, ohun kan máa ń ṣe òun ní àyà, kò sì pẹ́ tí í fi í lọ.

Gọ́tà yẹn ni mo dì mú báyìí. Ìyá tó jẹ olórí ìlà, wọ́n fún un lágbára pé bó bá pe àwọn ọ̀dọ́ ọjà, wọ́n á dáhùn. Ìyẹn ló jẹ́ kí àárẹ̀ rẹ̀ so èso fún ẹlòmíràn. Mo tan iná fóònù, mo tún fa lẹ́tà yọ lábẹ́ Bíbélì. Iṣẹ́ mọ́kànlá ló kọ sí mi lọ́rùn. Mo kà wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan, mo kà wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo ń fi ìka tẹ̀ lé e bí ọmọ iléèwé. Kí n gba gbèsè wọlé. Kí n dín orúkọ tó pọ́n kù. Kí n jábọ̀ lójoojúmọ́. Kí n fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ tí kò bá dé ojú òṣùwọ̀n. Nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kò sí ọ̀kan tó ní mo lè fún obìnrin kan ní ọ̀sẹ̀ méjì bí ọkọ̀ ò bá dé láti Kánò. Ọ̀sẹ̀ méjì tí mánéjà fún mi ní 2023 pàápàá, ó ní láti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lé e lórí lẹ́yìn náà, mo sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni n ó gbé lọ láàárọ̀ yìí, mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà wọn pẹ̀lú bírò kí oorun àárọ̀ má bàa jí i gbé mọ́ mi lórí: ọjọ́ mélòó ni mo lè fún ènìyàn láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Bí wọ́n bá ní ọgbọ̀n ọjọ́, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, n ó bá wọn sọ̀rọ̀ nípa Ṣágámù àti aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, n ó sì wá ẹni tí yóò máa mú Ìbùkún wálé. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, bí wọ́n bá ní ìyẹn ò sí nínú ìlànà, n ó dá lẹ́tà wọn padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a ó sì tún máa já páálí oògùn sí méjì fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Aago márùn-ún ti kọjá. Mùẹ́síìnì ti ń pe ìrun ní ìhà Alápẹ̀rẹ̀, ìyá mi ti ń rìn nínú yàrá rẹ̀, ó ń wá fìlà òru tó dé sórí. Ajé ni ọjọ́ owó ọ̀sẹ̀ àwọn aláta. Mo ti fi ìwé karùn-ún sínú báàgì, mo sì ti yọ bàtà pẹlẹbẹ sí ẹnu ọ̀nà. N ó kọ́kọ́ yà sọ́jà kí n tó dé ọ́fíìsì, nítorí ìyá kan tó ń ta ata rodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń já àlùbọ́sà kò sí nídìí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó rí sọ ohun tó ṣe é fún mi.